Róòsì wo ni kí n gbìn sí ẹ̀yìnkùlé? Ìdáhùn fún Ìyá Ìbejì ní Dartford

Ìbéèrè náà nìyí, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. A ra ilé sí Dartford lọ́dún tó kọjá. Ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi, kò ju bíi mítà mẹ́jọ sí márùn-ún lọ. Ẹ̀yìn ilé kọjú sí àríwá, ògiri ibẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí oòrùn, ṣùgbọ́n fẹ́ńsì ìsàlẹ̀ ọgbà ń rí i láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Amọ̀ ni ilẹ̀ wa, ó máa ń lẹ̀ mọ́ bàtà. Ẹni tó ta ilé fún wa fi igi róòsì kan tó ti gbó sílẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ńsì yẹn. Mo fẹ́ hú u kí n gbin òmíràn sójú ibẹ̀. Èmi náà ra ọ̀kan aláwọ̀ pupa ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí oṣù kẹjọ tó parí, àmì dúdú ti bo ewé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wọ́ dànù. Mo fẹ́ pupa, mo fẹ́ yẹ́lò, mo fẹ́ funfun, kó máa ta sánsán, kó má sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa tanná lọ́dún. Mi ò fẹ́ fín oògùn, torí àwọn ìbejì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́rin, kò sí ohun tí wọn kì í fọwọ́ kàn. Irú márùn-ún wo ni kí n rà? Ṣé òótọ́ ni pé èèyàn lè gbin róòsì búlúù láti inú irúgbìn tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Màmá mi ní Abẹ́òkúta náà ní kí n gé ẹ̀ka kan bọ̀ fún òun tí mo bá ń bọ̀ nílé."

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ sì kú oríire ilé tuntun.

Ẹ má ra márùn-ún. Mẹ́ta ló tó ẹ̀yìnkùlé yín, torí igi róòsì tó bá dàgbà á gba bíi mítà kan yí ara rẹ̀ ká, àwọn ọmọ náà sì gbọ́dọ̀ ríbi sáré sí. Ẹ gbin 'Lady of Shalott' àti 'Olivia Rose Austin' sí ìsàlẹ̀ ọgbà níbi tí oòrùn wà, kí ẹ sì jẹ́ kí 'Madame Alfred Carrière' gun ògiri ẹ̀yìn ilé. Mo mọ̀ pé pupa kò sí níbẹ̀, ẹ ò sì bi mí léèrè píǹkì tí mo fi kún un. Ẹ jẹ́ kí n rojọ́ ara mi.

Àwọ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yan róòsì, bí ẹni ń yan aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ewé lẹ máa bá gbé jù: láti oṣù kẹta títí wọ oṣù kọkànlá ni ewé máa wà lójú yín, òdòdó á kàn máa wá, á máa lọ. Róòsì tí ewé rẹ̀ bá wọ́ ní oṣù kẹjọ, ẹ̀gún àti ọ̀pá lásán lẹ máa fi ojú rí fún ìyókù ọdún, kò sì ní lókun tó máa fi tanná dáadáa ní ọdún tó ń bọ̀. Nítorí náà, ibi tí igi máa dúró ni mo kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ìlera ewé, lẹ́yìn náà òórùn. Àwọ̀ ló kẹ́yìn, kódà fún ẹni tó ní àwọ̀ tó wù ú.

Àrùn tó pa róòsì súpámákẹ́ẹ̀tì yín, fọ́ńgọ́ọ̀sì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Diplocarpon rosae ló ń fà á. Tí ẹ bá mú ewé tó ti kó o sọ́wọ́, ẹ máa rí i pé àmì náà kò rí róbótó. Ṣe ni etí rẹ̀ ń fọ́n ká wẹ́wẹ́. Ibi tó yí i ká á di yẹ́lò, kí ẹ tó mọ̀, ewé ti já. Ewé ìsàlẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú, torí òjò ló ń ta àrùn náà sókè láti ilẹ̀, tí ewé bá sì ti tutù fún bíi wákàtí méje láìgbẹ, àrùn ti ráyè wọlé nìyẹn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ta ló máa fọwọ́ sọ̀yà pé ewé òun kò ní tutù fún wákàtí méje? Tí ìgbà òtútù bá dé, á sá pamọ́ sínú ewé tó já sílẹ̀ àti sára ẹ̀ka, á tún jáde nígbà tí ewé tuntun bá yọ. Ìdí nìyẹn tí kíkó ewé tó já kúrò nílẹ̀ ní oṣù kọkànlá fi ṣe pàtàkì ju oògùn lọ. Ẹ má kó o sínú ajílẹ̀ tí ẹ ń ṣe nílé o. Inú bíìnì ni kó lọ.

Àwọn àgbà òyìnbó kan á sọ fún yín pé nígbà èwe àwọn, róòsì Lọ́ńdọ̀nù kì í ní àmì dúdú. Wọn ò purọ́. Èédú ni gbogbo ilé ń dá nígbà náà, èéfín rẹ̀ sì kún fún imí-ọjọ́, imí-ọjọ́ kan náà tí àwọn olóko ń fín láti pa fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ìjọba ṣe òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ ní 1956, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, àwọn èèyàn rí afẹ́fẹ́ gidi mí sínú, àrùn róòsì náà sì rí ọ̀nà. Èmi kì í tìtorí orúkọ ńlá àtijọ́ ra róòsì láìwo ewé rẹ̀. Ẹ wo 'Iceberg', tí ilé iṣẹ́ Kordes ní Jámánì mú jáde ní 1958. Níbi tí ojú ọjọ́ bá gbẹ, òdòdó funfun rẹ̀ kì í dá. Ní ibi òjò, ìdí rẹ̀ sábà máa ń dá gbáú kí oṣù kẹsàn-án tó dé, kò sì ní òórùn kan tó ṣe pàtó tí a ó fi dárí jì í.

Yẹ́lò tí ẹ fẹ́ ní ẹ̀sùn tirẹ̀ lọ́rùn. Títí di ìgbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún fi ń parí lọ, yẹ́lò tó mọ́ kedere kò sí nínú àwọn róòsì ńláńlá tó ń tanná léraléra ní Yúróòpù. Joseph Pernet-Ducher, ará Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún da eruku òdòdó 'Persian Yellow' pọ̀ mọ́ ti àwọn róòsì ọgbà, tó sì mú 'Soleil d'Or' jáde ní 1900. Ara rẹ̀ ni yẹ́lò gidi, àwọ̀ ọsàn àti àwọ̀ iná ti wọ inú róòsì òde òní. Àìsàn sì wà nínú ogún náà: 'Persian Yellow' kì í lè kọ àmì dúdú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe àdàlù róòsì ti ń wá bí yẹ́lò ṣe máa dúró tí àìsàn á sì lọ. 'Graham Thomas', iṣẹ́ David Austin, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń ṣe àdàlù róòsì, ní 1983, ni yẹ́lò tó lókìkí jù nínú àwọn róòsì Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ olólùfẹ́ róòsì lágbàáyé dìbò fún un ní 2009. Òdòdó rẹ̀ rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ ó máa ń ga gògòrò, ó sì ń fẹ́ ẹni tó máa tọ́jú ewé rẹ̀. Ẹ̀yin kọ́ nìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ní ìbejì ọlọ́dún mẹ́rin.

Ìdí nìyẹn tí mo fi mú 'Lady of Shalott', tí ilé iṣẹ́ David Austin yìí mú jáde ní 2009. Ẹ̀yìn ewé òdòdó rẹ̀ yẹ́lò bíi wúrà, ojú rẹ̀ wà láàárín ọsàn àti píǹkì, nítorí náà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá kàn án, ẹ ò ní mọ èyí tí ẹ máa pè é. Òórùn rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, ó jọ ti tíì. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lára rẹ̀ ni pé ó ń dárí ji ẹni tí kò mọṣẹ́: ẹ gé e ju bó ṣe yẹ lọ, á hù, ẹ gbàgbé láti bomi rin ín fún ọjọ́ díẹ̀, kò ní bínú. 'Olivia Rose Austin', ti 2014, ni píǹkì tí ẹ ò bèèrè. Mo fi í sí i nítorí pé nínú gbogbo àwọn olóòórùn dídùn tí ó rọrùn láti rí rà, n kò mọ púpọ̀ tí ewé wọn le tó tirẹ̀. Kò ga ju mítà kan lọ, ó máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti èso. Ẹ gbìn ín sí iwájú, kí ti àkọ́kọ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́bàá fẹ́ńsì.

Pupa ló le jù. Kí ó pupa dòdò, kí ó ta sánsán, kí ewé rẹ̀ le láìfín oògùn: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í sábà pàdé lórí igi kan. 'Papa Meilland', tó jáde ní ilẹ̀ Faransé ní 1963, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa júwe fún yín. Òórùn rẹ̀ máa ń dá èèyàn dúró lójú ọ̀nà, ewé rẹ̀ sì jẹ́ ìbànújẹ́. Tí ẹ bá taku pé dandan ni pupa, ẹ wá 'Thomas à Becket', ti 2013. Pupa rẹ̀ kò dòdò, ó fẹ́ súnmọ́ píǹkì tó gbóná, ìdúró rẹ̀ sì jọ ti róòsì inú igbó ju ti ọgbà ọba lọ. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ le. Ẹ fi rọ́pò 'Olivia', ẹ má fi kún un.

Ó ku ògiri àríwá. Ọ̀pọ̀ ìwé á ní kí ẹ má gbin róòsì síbẹ̀ rárá, òótọ́ sì ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ róòsì ń fẹ́ oòrùn fún ó kéré tán wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lójúmọ́. 'Madame Alfred Carrière' wà lára àwọn díẹ̀ tó ń gba ògiri òjìji. Ọmọ 1879 ni, ará Lyon bíi ti Pernet-Ducher. Funfun ni, pẹ̀lú píǹkì fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rẹ̀ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Òórùn rẹ̀ dùn gidi, ẹ̀gún ara rẹ̀ kò pọ̀, á sì tún tanná lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Níbi òjìji, òdòdó rẹ̀ á kéré sí ti ojú oòrùn, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ọ́ kí ẹ má baà wá bá mi jà. Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ ni ìdàgbàsókè rẹ̀. Ní Sissinghurst, ọgbà olókìkí kan ní Kent yín níbẹ̀ náà, ó ti wà lára ilé kékeré tí wọ́n ń pè ní South Cottage láti àwọn ọdún 1930, ó sì ti bo ògiri. Mítà márùn-ún kì í ṣe nǹkan lójú rẹ̀. Tí ilé yín bá jẹ́ alájà méjì, ó bá a mu. Tó bá jẹ́ pé ògiri ilé ìdáná tí wọ́n fà sẹ́yìn lẹ ní lọ́kàn, ẹ fi sílẹ̀, yóò gun orí òrùlé.

Bí ẹ ṣe máa darí rẹ̀ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe máa gbìn ín lọ. Ẹ ta wáyà sára ògiri ní ìbú, ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹ gbin igi náà bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí ògiri, torí ẹsẹ̀ ògiri máa ń gbẹ táútáú, òjò kì í dé ibẹ̀. Bí ẹ̀ka bá ti ń jáde, tó ṣì rọ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ so ó mọ́ wáyà kó sùn gbọọrọ. Ẹ̀ka tó bá nàró ṣánṣán, orí rẹ̀ nìkan ló máa ń tanná, fèrèsé aládùúgbò yín lókè ló sì máa jẹ ẹ́. Èyí tó bá sùn, gbogbo ojú ara rẹ̀ ló máa rú, òdòdó á sì wà lọ́gbọọgba ojú yín.

Ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ èyí tó ń tanná lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kíyè sí i dáadáa níbi tí ẹ bá ti ń rà, torí àwọn arẹwà kan wà níbẹ̀ tí kì í tún un ṣe. 'Constance Spry' tí David Austin fi bẹ̀rẹ̀ ní 1961 wà lára wọn: oṣù kẹfà ló ń dé, ó tán. Àwọn tó ń gun igi bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, àti pé ìwọ̀n wọn kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé Dartford. Wọ́n máa ń ta 'Kiftsgate' nínú ìkòkò kékeré tó rí bí ọmọ jẹ́jẹ́. Orúkọ Kiftsgate Court ní Gloucestershire ló ń jẹ́, níbi tí ìyá rẹ̀ ti gun orí àwọn igi ńláńlá tó sì tẹ́ ara rẹ̀ lé wọn lórí. Ẹ má gbé e wọlé.

Ní ti àwọn ìbejì àti ẹ̀gún: kò sí nínú àwọn mẹ́ta yìí tó burú bíi 'Gertrude Jekyll' ti 1986, tí òórùn rẹ̀ kò láfiwé, tí ẹ̀gún rẹ̀ sì ń ya aṣọ. Ẹ lè ti gbọ́ orúkọ 'Zéphirine Drouhin', ti 1868, torí òun ni gbogbo èèyàn ń júwe fún olómọ kékeré. Lóòótọ́, kò ní ẹ̀gún, ó ń ta sánsán, ó sì ń gba ògiri òjìji. Ṣùgbọ́n àmì dúdú àti ìfunfun bí ẹ̀lùbọ́ kì í fi ewé rẹ̀ sílẹ̀, pàápàá lára ògiri tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ fín oògùn lè rà á. Ẹ̀yin ti ní ẹ ò fẹ́.

Ẹ má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán náà o, ẹ lọ fojú yín rí i. Ọgbà róòsì wà ní Greenwich Park, nítòsí Ranger's House, kò jìnnà sí yín. Tí ẹ bá sì ní ọjọ́ ìsinmi, Queen Mary's Gardens wà ní Regent's Park, níbi tí róòsì bíi 12,000 wà, wọ́n sì kọ orúkọ sí ìdí wọn. Oṣù kẹfà ni gbogbo ayé ń lọ, fọ́tò sì ni wọ́n ń yà. Ẹ lọ ní oṣù kẹfà, kí ẹ fi imú yín gbọ́ òórùn wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó bá móoru díẹ̀, nígbà tí òórùn ń jáde dáadáa, kí ẹ kọ orúkọ èyí tó wù yín sínú fóònù. Kí ẹ wá padà lọ ní oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú orúkọ wọ̀nyẹn. Ẹ tẹ̀ ba, ẹ wo ewé ìsàlẹ̀, láti ilẹ̀ dé orúnkún. Èyí tó bá ṣì wọṣọ níbẹ̀ ni tiyín. Ẹ rántí pé ọgbà ìjọba lè máa fín oògùn, nítorí náà èyí tó bá wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìtọ́jú, á wọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ yín.

Àmì méjì ló yẹ kí ẹ máa wá lára káàdì róòsì. Ti RHS, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́gbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń kọ ní AGM, fi hàn pé wọ́n ti dán igi náà wò pé ó dára fún ọgbà ilé. Ti Jámánì, tí wọ́n ń kọ ní ADR, ni mo gbọ́kàn lé jù fún ẹni tó kórìíra oògùn: ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń dán an wò ní oríṣiríṣi ìlú, láti 1997 wọn kì í sì í fín oògùn àrùn sí i rárá. 'Pomponella' ti Kordes wà lára àwọn tó gba tiwọn, òdòdó píǹkì róbótó róbótó, ara líle, òórùn kékeré. Orúkọ náà lè dààmú yín: róòsì kan lè ní orúkọ mẹ́ta. 'Peace' tí Meilland, ará Faransé, ṣe, tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní 1945, 'Gloria Dei' ni ní Jámánì, 'Madame A. Meilland' ni ní Faransé. 'Iceberg' tí mo bú lẹ́ẹ̀kan, 'Schneewittchen' ni nílé rẹ̀.

Ní ti róòsì súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn kékeré inú ìkòkò tí wọ́n ń kó sẹ́nu ọ̀nà, ẹ yẹ ìdí wọn wò: ẹ̀ka mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni wọ́n kì mọ́ inú ìkòkò kan kó lè kún lójú. Inú ilé ni wọ́n ṣe wọ́n fún, fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi yín pé ó kú.

Kí ẹ tó hú igi àtijọ́ yẹn, ẹ dúró títí di oṣù kẹfà kí ẹ rí òdòdó rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ róòsì tí wọ́n ń tà níbí, gbòǹgbò róòsì igbó ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní 'Laxa'. Tí òkè bá kú, ìsàlẹ̀ á gba ilé. Tó bá jẹ́ òdòdó funfun kékeré tí ewé òdòdó rẹ̀ kò ju márùn-ún lọ, tí ewé igi sì ṣì ní àwọ̀ eérú díẹ̀, gbòǹgbò lẹ ń tọ́jú, ẹ hú u láìkáàánú. Tó bá jẹ́ òdòdó gidi, ẹ fi ajílẹ̀ àti omi dán an wò fún ọdún kan. Igi tó ti gbó sí ilẹ̀ kan lè sàn ju tuntun mẹ́ta lọ.

Ṣùgbọ́n tí ẹ bá hú u, ẹ má gbin róòsì tuntun sójú ihò yẹn. Ilẹ̀ tí róòsì bá ti pẹ́ sí kì í gba róòsì mìíràn. Tuntun á kàn dúró, kò ní kú, kò ní dàgbà. Ẹ sún un síwájú tàbí sẹ́yìn. Tí kò bá sí àyè, ẹ gbẹ́ yẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ jìn tó sẹ̀ǹtímítà 45, kó fẹ̀ tó 60, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ apá ibòmíràn nínú ọgbà rọ́pò rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde kò ní àìsàn fún ohun mìíràn, ẹ lè gbin tòmátì sí i.

Amọ̀ yín kì í ṣe ọ̀tá. Róòsì fẹ́ràn ilẹ̀ tó ń di omi àti oúnjẹ mú, ju ilẹ̀ yanrìn lọ fíìfíì. Kí omi má kàn dúró lórí rẹ̀ ni. Ẹ po ajílẹ̀ tó ti jinná mọ́ ọn dáadáa, kí ẹ sì tún fi ajílẹ̀ bo ojú ilẹ̀ ní oṣù kẹta lọ́dọọdún. Ìyẹn á tún dènà òjò tó ń ta àrùn sókè.

Ẹ má rà á nínú ìkòkò ní oṣù kẹfà tí ó bá ti ń tanná, owó òdòdó lẹ ń san. Ẹ ra èyí tí wọ́n hú láti oko, tí kò sí yẹ̀pẹ̀ nídìí gbòǹgbò rẹ̀, láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta. Ó máa ń dín owó, irú tó wà láti yàn sì pọ̀ jù. Ẹ rì í sínú korobá omi fún wákàtí méjì kí ẹ tó gbìn ín, kí ojú tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ wọlẹ̀ tó íńṣì kan tàbí méjì. Ẹ má gbìn ín ní ọjọ́ tí ilẹ̀ bá di yìnyín.

Irúgbìn róòsì búlúù: gbájú-ẹ̀ ni. Kò sí èròjà àwọ̀ búlúù nínú ẹ̀jẹ̀ róòsì. Ilé iṣẹ́ Suntory ní Jàpáànù gbé e wọ inú rẹ̀ ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 2009 ní orúkọ 'Applause', síbẹ̀ náà, lójú tèmi, àwọ̀ àlùkò fífẹ́ẹ́rẹ́ ló jọ. Àti pé irúgbìn róòsì kì í bí ìyá rẹ̀. Ohun tó máa hù, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ọ́.

Màmá yín ńkọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ̀ka igi kì í ṣe ohun tí a ń dì sáàárín aṣọ nínú àpótí; ó ní ìwé ìlera ọ̀gbìn tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, ó sì ní àṣẹ tí a ń gbà lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè ọ̀gbìn ní Nàìjíríà. Kódà tí gbogbo rẹ̀ bá pé, 'Madame' yín kò ní gbádùn Abẹ́òkúta bó ṣe ń gbádùn Kent. Àwọn tó bá ooru mu ni ìdílé róòsì Ṣáínà, àwọn tó kọ́ róòsì Yúróòpù bí wọ́n ṣe ń tanná léraléra: 'Old Blush', 'Mutabilis', àti 'Louis Philippe' ti 1834, èyí tó ti di ọmọ onílé ní Florida níbi tí ooru àti òjò ti jọ tiwa. Wọn kì í wá òtútù kí wọ́n tó tanná.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó kúrú jù ni kí màmá wo àdúgbò, kí wọ́n wá ilé tí róòsì kan ti ń tanná níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú rẹ̀. Kò ṣe pàtàkì pé ẹni tó ni ín kò mọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tọrọ ẹ̀ka kan tó ti tanná tán, tó tóbi tó pẹ́ńsùlù, kí wọ́n gé e gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 nísàlẹ̀ ojú ewé kan, kí wọ́n já gbogbo ewé ara rẹ̀ àfi méjì òkè, kí wọ́n ri ìdajì rẹ̀ sínú yanrìn tí wọ́n po mọ́ ilẹ̀dú, lábẹ́ òjìji, nígbà tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kí wọ́n gé mẹ́rin tàbí márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà, torí gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa mú. Tó bá rú ewé tuntun, kí wọ́n má tíì fà á wò. Gbòǹgbò máa ń pẹ́ ju ewé lọ. Ó di ìgbà tó bá ti tó oṣù méjì kí wọ́n tó gbé e sójú oòrùn.